Ọ̀pá gáàsì tó ti gbó: ohun tí àyẹ̀wò àyíká ń béèrè kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tó pa á tì

Ọ̀pá ńlá tó ń gbé gáàsì láti Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta lọ sí iléeṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn ní Èkó kò ya ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì. Delta, Ẹdó, Oǹdó àti Ògùn ló gbà kọjá kó tó wọ Èkó. Síbẹ̀, bí gáàsì inú rẹ̀ bá dín kù, ará Adó àti ará Ìkẹ́rẹ́ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé iléeṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn, ti Omótóṣọ́ àti ti Ọlọ́runṣògo ń jẹ láti ara rẹ̀, orí okùn iná kan náà tí gbogbo orílẹ̀-èdè so mọ́ sì ni iléeṣẹ́ apínnáká BEDC ti ń fa èyí tó ń pín fún wa. Ọdún 1989 ni ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti ri òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, kí gáàsì tó ń gba ojú ọ̀nà náà lè di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dín ọjọ́ orí ti àkọ́kọ́ kù.

Bí irin bá pẹ́ nínú ilẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tó ni ín yóò yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kó tún un ṣe, kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó pa á tì. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀pá gáàsì ti wà nínú ilẹ̀ láti àwọn ọdún 1950 àti 1960, irú ìwé ẹ̀bẹ̀ báyìí kì í wọ́n lórí tábìlì àjọ FERC, tó ń darí ọ̀rọ̀ gáàsì tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Iléeṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀bẹ̀ fún méjì pọ̀ nínú ìwé kan ṣoṣo: pé òun fẹ́ ri ọ̀pá tuntun, pé òun sì fẹ́ fi ògbólógbòó sílẹ̀ níbi tó wà. Tuntun ni àwọn ènìyàn máa ń jà lé lórí. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ògbólógbòó ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣí kà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, torí pé iṣẹ́ ìwalẹ̀ yóò parí, koríko yóò sì hù padà, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n pa tì yóò wà lábẹ́ oko àwọn ọmọ ọmọ wa. Àwa ní Èkìtì, tí a kò tíì gbàlejò irú ọ̀pá ńlá bẹ́ẹ̀, la wà ní ipò tó rọrùn jù láti béèrè nípa òpin rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ ya gáàsì méjì sọ́tọ̀. Èyí tó wà nínú sílíńdà ilé ìdáná wa, propane àti butane ni. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá sì jò, ilẹ̀ ló ń rọ̀ mọ́. Èyí tó ń gba inú ọ̀pá ńlá kọjá, methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò ní gbangba, òkè ló ń lọ. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí kò léwu. Bó bá jò lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú ilẹ̀ ti le, ó lè rìn gba inú yanrìn, gọ́tà tàbí ẹ̀gbẹ́ páìpù omi títí yóò fi wọ inú ilé. Kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Òórùn tí a mọ̀ mọ́ gáàsì, àwọn iléeṣẹ́ ló ń fi í sí i, ọ̀pọ̀ ọ̀pá ńlá tó ń gba inú ìgbẹ́ kọjá kò sì ní in. Àmì tí àgbẹ̀ lè kọ́kọ́ rí ni koríko tó gbẹ lójú kan ṣoṣo láàárín èyí tó tutù yọ̀yọ̀.

Ohun tó ń mú ọ̀pá gbó kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Irin tí wọ́n fi nǹkan bò dáadáa, tí wọ́n sì ń rán iná mànàmáná díẹ̀ sí lára nígbà gbogbo kó má baà dógùn-ún, lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní àbùkù tó ṣe pàtàkì. Ibi tí ohun tí wọ́n fi bò ó bá ti ṣí ni omi ilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àbùkù ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ọ̀pá gáàsì oníńṣì 30 kan, tí wọ́n rì ní ọdún 1956, bẹ́ ní ìlú San Bruno ní ìpínlẹ̀ California. Ènìyàn 8 kú, ilé 38 run, ó sì gba iléeṣẹ́ tó ni ọ̀pá náà ní ìṣẹ́jú 95 kí wọ́n tó rí gáàsì náà tì pa. Àwọn aṣèwádìí ìjọba rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ náà ni pé ọ̀pá ibẹ̀ kò ní ojú ìjópọ̀ kankan. Ọdún 54 ni irin náà fi wà lábẹ́ àdúgbò àwọn ènìyàn, ìwé tó yẹ kó sọ irú irin tó jẹ́ kò sì bá a mu.

Ọ̀nà kan tó dára láti mọ ipò tí ọ̀pá wà ni kí wọ́n ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò gba inú rẹ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá àtijọ́ kò gbà á: ó kákò jù níbì kan, ó fẹ̀ níhìn-ín, ó tóóró lọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí iléeṣẹ́ bá kọ̀wé pé òun fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá kan, ó lè má jẹ́ pé ọ̀pá náà ti ń jò. Ó lè jẹ́ pé wọn kò rí inú rẹ̀ ni. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni méjèèjì, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì yẹ kí ìwé àyẹ̀wò àyíká, èyí tó ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí àyíká, sọ èyí tó jẹ́ gan-an, torí pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe le tó ni a ó fi mọ̀ bóyá àtúnṣe lásán lè tó.

Òfin àyíká Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NEPA, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, ló sọ ọ́ di dandan pé kí iléeṣẹ́ ìjọba wo ohun tí iṣẹ́ kan yóò ṣe sí àyíká kí ó tó fún un láṣẹ. Oríṣi ìwé méjì ló wà: èyí tó kúrú, fún iṣẹ́ tí wọ́n rò pé ìpalára rẹ̀ kò ní pọ̀, àti èyí tó gùn, fún iṣẹ́ ńlá. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 fi òdiwọ̀n sí méjèèjì, ojú ewé 75 àti ọdún kan fún ti kúkúrú, ojú ewé 150 àti ọdún méjì fún ti gígùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún dá ẹjọ́ kan lórí ojú irin rélùwéè ní ìpínlẹ̀ Utah, ó sì pàṣẹ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n túbọ̀ gba ìpinnu iléeṣẹ́ ìjọba lórí irú ìwé báyìí wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun kan wọ inú ìwé náà gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́, torí pé ilé ẹjọ́ kì í ṣe ibi tí yóò ti rọrùn láti sọ ọ́ mọ́.

Tiwa ní Nàìjíríà, òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti ọdún 1992 ni. Mo rọ ẹni tó bá rí ẹ̀dà rẹ̀ pé kó kà á, nítorí pé ó dára ju bí a ṣe ń lò ó lọ. Ó ní kí ìwé àyẹ̀wò ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà àti àyíká tí yóò kàn, kó sọ àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọn ìbá gbà ṣe é, kó sọ ìpalára tó lè wáyé àti bí wọn yóò ṣe dín in kù, kó sì jẹ́wọ́ ohun tí àwọn aṣèwádìí kò mọ̀ dájú. Ó tún ní kí wọ́n sọ bóyá yóò kan ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, kí wọ́n sì kọ àkópọ̀ rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ yóò fi yé. Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn yìí kì í ṣe eré fún Èkìtì: Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ kó tó di ohun tí Òṣogbo ń bọ, odò Ògbẹ̀sẹ̀ náà sì ń gba ọ̀dọ̀ wa ṣàn lọ sí ilẹ̀ Oǹdó. Ohun tó bá bọ́ sínú omi wa, ẹlòmíràn ni yóò mu ún.

Ọwọ́ tí òfin náà fi ń jẹni níyà ló rọ. Iléeṣẹ́ tó bá tàpá sí i, owó ìtanràn rẹ̀ kò kéré sí ₦50,000, kò sì ju mílíọ̀nù kan náírà lọ. Bóyá owó yẹn tóbi ní ọdún 1992. Lónìí, iléeṣẹ́ tó ń ri ọ̀pá gáàsì lè san án kí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì wọn tó mọ̀ pé owó jáde.

Nínú iṣẹ́ rírì ọ̀pá tuntun, ohun tí ìwé àyẹ̀wò ń wò pọ̀, mi ò sì ní dúró pẹ́ lórí wọn. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, kí wọ́n sì dá a padà sókè nígbà tí wọ́n bá ń bò ó. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ amọ̀ ìsàlẹ̀, iṣu kò ní ta dáadáa níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọ̀pá bá máa dá odò kọjá, wọ́n lè fi ẹ̀rọ lu ihò gba abẹ́ odò náà láìfọwọ́ kan omi, ṣùgbọ́n omi amọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń lò lè gba pàlàpálá àpáta jáde sínú odò, kó sì bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń dán ọ̀pá tuntun wò, níbo ni wọ́n ti máa fà á, níbo ni wọ́n sì máa dà á sí? Gáàsì tó kù nínú ògbólógbòó ńkọ́? Bí wọ́n bá tú u sójú afẹ́fẹ́, tọ́ọ̀nù kan methane yóò mú ayé gbóná tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 28 carbon dioxide tí a bá fi 100 ọdún ṣírò rẹ̀, tí a bá sì fi 20 ọdún ṣírò, ó ju 80 lọ. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ fà á bọ́ sínú ọ̀pá mìíràn dípò kí wọ́n tú u dànù. Ó gba owó àti àkókò ni.

Ilẹ̀ Èkìtì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú èyí. Àpáta kò jìn sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, òkè Ẹ̀fọ̀n àti ti Ìkẹ́rẹ́ kò ṣeé fojú fò. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọ̀pá ńlá wà ní íńṣì 30 lábẹ́ ilẹ̀ lásán níbi tí ilé kò ti pọ̀, ṣùgbọ́n ó gba íńṣì 18 láyè níbi tí ó bá jẹ́ àpáta. Íńṣì 18 kò tó gígùn apá àgbàlagbà. Ní orí òkè tí àgbàrá òjò ń ṣán lọ́dọọdún, ilẹ̀ tó bo irin náà lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ogún ọdún, ìwé àyẹ̀wò tí kò bá sì sọ ẹni tí yóò máa padà wá wò ó kò tíì parí iṣẹ́.

Ó wá ku ògbólógbòó. Ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n wú u kúrò, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wíwú u kúrò dùn létí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn yóò tún gbẹ́ ilẹ̀ tó ti fara balẹ̀ láti ọdún pípẹ́, wọn yóò tún gé igi, wọn yóò sì tún da odò rú. Nínú irà àti ní etí omi, ìpalára wíwú u lè ju ti fífi í sílẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé àyẹ̀wò fi sábà ń fara mọ́ fífi í sílẹ̀, mi ò sì rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mo ń bá wọn jà sí ni pé ọ̀rọ̀ lórí ojú ọ̀nà tuntun máa ń gùn nínú ìwé, tí ọ̀rọ̀ lórí irin tí yóò wà níbẹ̀ títí láé sì máa ń kúrú.

Òfin ààbò Amẹ́ríkà ní kí wọ́n gé ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ pa tì kúrò lára gbogbo ibi tí gáàsì ti lè wọ inú rẹ̀, kí wọ́n lé gáàsì tó kù jáde, kí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ pa. Níbi tó bá gba abẹ́ títì tàbí ojú irin rélùwéè kọjá, wọ́n sábà máa ń rọ sìmẹ́ńtì sí i nínú kí ilẹ̀ má baà jìn. Ní Èkìtì, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé kànga tí a kò fà mọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdérí, àti pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Ọ̀pá tí wọ́n pa tì jẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀ tó sùn gbalaja fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa iná mànàmáná tó ń gbà á lọ́wọ́ ìdógùn-ún ni ìdógùn-ún náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kò ní yá: ó lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Nígbà tó bá dá ihò sí i lára, omi ilẹ̀ yóò wọlé, yóò sì máa bá inú ọ̀pá ṣàn lọ bíi pé wọ́n ṣe é fún un, títí irà kan yóò fi gbẹ lókè tí oko kan yóò sì kún fún omi nísàlẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá fẹ̀, ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ lè rì. Ohun tó wà nínú àti lára rẹ̀ náà ṣe kókó: àwọn ọ̀pá àtijọ́ kan ṣì ní èérí òróró PCB, kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì, ohun tí wọ́n sì fi bo àwọn mìíràn ní asbestos nínú, èyí tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó yẹ kí wọ́n fọ inú rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, kí wọ́n tó dí ẹnu rẹ̀.

Ta ni yóò yàn láàárín wíwú u àti fífi í sílẹ̀? Àpẹẹrẹ kan wá láti ìpínlẹ̀ Minnesota, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá epo rọ̀bì ni, kì í ṣe ti gáàsì. Nígbà tí iléeṣẹ́ Enbridge fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Line 3, èyí tí wọ́n rì ní àwọn ọdún 1960, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi í ṣe àdéhùn pé onílẹ̀ lè ní kí wọ́n wú ògbólógbòó kúrò lórí ilẹ̀ òun, tàbí kó gbà kí wọ́n fi í sílẹ̀. Tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí iṣẹ́ náà, àríyànjiyàn rẹ̀ pọ̀ gan-an, àmọ́ ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún onílẹ̀ láti yàn yìí tọ́ sí ẹni tó ń ro ilẹ̀ ní Ìjerò gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́ sí ẹni tó ń ro ó ní Minnesota.

Owó ni ìbéèrè tó kù. Iléeṣẹ́ lè ta ọ̀pá rẹ̀ fún iléeṣẹ́ kékeré, iléeṣẹ́ kékeré sì lè kógbá wọlé. Kánádà ti rí èyí tẹ́lẹ̀: láti oṣù kìíní ọdún 2015 ni àwọn iléeṣẹ́ ọ̀pá tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ti ń fi owó ìpatì pamọ́ nígbà tí ọ̀pá ṣì ń mówó wọlé. Òfin iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ṣe ohun tó jọ ọ́. Ó ní kí ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ kó owó ìpatì jọ sọ́dọ̀ báńkì tí kì í ṣe ti ẹbí iléeṣẹ́ rẹ̀, kó sì gba ìfọwọ́sí ìjọba lórí bó ṣe máa pa ohun èlò rẹ̀ tì. Ní ti ọ̀pá tó ń gbé gáàsì kiri, àjọ NMDPRA ni òfin gbé ìṣọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Òfin náà ti wà; ohun tó yẹ kí ará ìlú máa béèrè ni iye tó wà nínú àpò náà fún ọ̀pá kan pàtó, àti ìgbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ kẹ́yìn, torí pé owó tí wọ́n ṣírò kí náírà tó já wálẹ̀ kò lè wú irin lónìí.

Ọ̀rọ̀ gbà-má-bínú tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978, ohun tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ni irè oko àti ohun tí ènìyàn kọ́ sórí ilẹ̀, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tà lọ́jà. Ẹni tó bá ní kòkó lórí ilẹ̀ yóò rí nǹkan gbà lórí kòkó rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abà ní Èkìtì, ẹni tó ń ro oko lè jẹ́ àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí onílẹ̀ sì ń gbé ní ìlú. Ìwé àyẹ̀wò tó bá bá onílẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀ ti fo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù. Àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ etí odò náà wà níbẹ̀, a kì í sì rí wọn nípàdé ààfin.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi jìnnà sí wa ni pé ní ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé àṣẹ ìdarí ọjà iná Èkìtì lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá ń darí iná ara rẹ̀ yóò máa wá ohun tí yóò fi mú iná wá, gáàsì sì wà lára ohun tí yóò máa wò, yálà èyí tí ọkọ̀ ńlá ń gbé wá ní sílíńdà tàbí èyí tó ń gba inú ọ̀pá. Bí ọjọ́ ọ̀pá bá dé, wọn yóò gbé ìwé àyẹ̀wò síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á, kí wọ́n sì kọ èrò wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wà. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àti àwọn olùkọ́ fásitì ní Adó àti Ọ̀yẹ́, ti múra láti sọ àkópọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá ní gbangba ọjà kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tó sọ nípa ìpatì.

Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe títì ní Ìjẹ́gun, ní Èkó, la ọ̀pá epo kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò nínú iná náà. Ọ̀pá tó ń ṣiṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí katapílà kò lè fi ojú lásán mọ òkú ọ̀pá yàtọ̀ sí alààyè. Ibi tí ọ̀pá tuntun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó, ewu ni fún ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé èyí tó wà níbẹ̀ ti kú. Adó ń fẹ̀, ilẹ̀ tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lánàá ti di púlọ́ọ̀tì. Nítorí náà, máàpù tó ya ọ̀pá méjèèjì sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọ́fíìsì tó ń fún ènìyàn láṣẹ ilé kíkọ́, ní kánsù ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀pá náà bá gbà kọjá, àti lọ́wọ́ àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀, kí orúkọ iléeṣẹ́ tí yóò dáhùn bí ilẹ̀ bá jìn sì wà lára rẹ̀.